Lẹ́tà ṣíṣí sí àwọn kọmíṣọ́nnà ètò ìlera ilẹ̀ Yorùbá: Ẹ gbé òǹtẹ̀ yẹ́lò káàdì súnmọ́ wa

Ẹ̀yin kọmíṣọ́nnà ètò ìlera ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Ògùn, Oǹdó, Èkìtì àti Èkó, títí kan Kwara níbi tí àwọn èèyàn wa pọ̀ sí,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o. Ẹ kú làálàá. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo ti fẹ̀yìn tì. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi ṣiṣẹ́ ìjọba, púpọ̀ nínú rẹ̀ ní sẹ́ńtà ìlera kékeré kan ní Òkè-Ògùn, níbi tí mo ti ń gún àwọn ọmọ ọwọ́ lábẹ́rẹ́ àjẹsára lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àwọn kan nínú ọmọ wọ̀nyẹn ti di ìyá àti bàbá. Àwọn mìíràn ti wọ bàálù lọ sí ìlú òkèèrè. Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń wọ bàálù yìí ni mo bá wá sọ́dọ̀ yín.

Mo fẹ́ kí ẹ bá wa gbé abẹ́rẹ́ ìrìnàjò súnmọ́ ibi tí èèyàn ń gbé, pàápàá jù lọ ti ibà pọ́njú, èyí tí òyìnbó ń pè ní yellow fever, àti káàdì ẹ̀rí rẹ̀ tí gbogbo wa mọ̀ sí yẹ́lò káàdì. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé wa.

Ní ọdún tó kọjá, ọmọ àbúrò mi rí àyè ilé-ẹ̀kọ́ ní Íńdíà. Ìyá rẹ̀ ti ta ilẹ̀, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti yá a lówó, físà ti jáde. Ó ku káàdì. Íńdíà kì í fi ọ̀rọ̀ ibà pọ́njú ṣeré rárá: ẹni tó bá ti ilẹ̀ wa dé láìní ìwé ẹ̀rí, wọ́n lè yà á sọ́tọ̀ títí di ọjọ́ 6. Ọmọ náà mọ̀. Ó jí ní aago mẹ́rin ìdájí, ó wọkọ̀ lọ sí ìlú ńlá tí wọ́n ti ń gún un. Wọ́n ní àwọn tó wá lọ́jọ́ náà kò ju mẹ́rin lọ, wọn ò lè tìtorí èèyàn mẹ́rin ṣí ìgò, kó padà wá ní Ọjọ́bọ̀. Ó padà lọ ní Ọjọ́bọ̀. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tí wọ́n fi ń gbowó kò ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi ṣíwọ́. Lẹ́ẹ̀kẹta, táyà ọkọ̀ bẹ́ lọ́nà, ìgbà tó fi máa dé ẹnu géètì, wọ́n ti ń kó ẹrù wọlé. Ibẹ̀ ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó béèrè orúkọ àti ọjọ́ ìbí rẹ̀, tó gbowó lọ́wọ́ rẹ̀. Kò tó wákàtí kan tó fi mú káàdì dé. Òǹtẹ̀ wà lára rẹ̀, nọ́ńbà ìgò abẹ́rẹ́ wà lára rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n sì kọ sí i pé wọ́n gún un jẹ́ ọjọ́ tí ọmọ náà wà lóko lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀.

Ó ku ọjọ́ 4 kó gbéra nígbà tí mo ń bá a to àwọn ìwé rẹ̀. Mo mú káàdì náà, mo yẹ̀ ẹ́ wò, mo bi í pé apá wo ni wọ́n gún. Ó wolẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, omi bọ́ lójú mi lọ́jọ́ yẹn. N kò lè bínú sí i bó ṣe yẹ kí n bínú, nítorí ẹ̀ẹ̀mẹta ló lọ, ẹ̀ẹ̀mẹta ló sanwó ọkọ̀. Ohun tó wá dùn mí wọra ni pé ní ọ̀sán yẹn gan-an, abẹ́rẹ́ kan náà wà nínú fíríìjì sẹ́ńtà wa, ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá sílé mi. Láti 2004 ni Nàìjíríà ti fi abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú kún èyí tí ọmọ ń gbà nígbà tó bá pé oṣù 9. Ohun tí mo ń fi gún ọmọ ọwọ́ ni wọ́n ń fi gún arìnrìnàjò, ìwọ̀n kan náà, ìdajì mílílítà. Ọwọ́ mi yìí ti gún un fún ọmọ tí n kò lè kà tán. Ṣùgbọ́n bí mo bá mú ọmọ àbúrò mi lọ sí sẹ́ńtà náà, tí mo gún un, kò sẹ́ni tó máa gbà á gbọ́ ní pápákọ̀ òfurufú, nítorí sẹ́ńtà wa ní abẹ́rẹ́, kò ní òǹtẹ̀.

A sún ìrìnàjò náà síwájú. A san owó ìtanràn tíkẹ́ẹ̀tì. Èmi àti òun la jọ lọ lẹ́ẹ̀kẹrin, mo jókòó tì í títí wọ́n fi gún un, a fa káàdì ayédèrú yẹn ya, a wá ń ka ọjọ́ 10, nítorí lójú òfin àgbáyé, káàdì kì í bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ títí ọjọ́ 10 yóò fi kọjá lẹ́yìn abẹ́rẹ́. Bí ara ṣe nílò àkókò tó láti kọ́ ìjà nìyẹn.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe bú nọ́ọ̀sì tó ní òun ò lè ṣí ìgò fún èèyàn mẹ́rin. Mo mọ ìdí. Ẹ̀tù gbígbẹ ni abẹ́rẹ́ yìí nínú ìgò, a ó fi omi tirẹ̀ pò ó ká tó lò ó. Láti ìgbà tí a bá ti pò ó, wákàtí 6 péré ló ní. Lẹ́yìn ìyẹn, dídànù ni. Ìgò tí à ń lò jù sì jẹ́ ti èèyàn 10. Tí ẹ bá ṣí i fún mẹ́rin, ẹ ti da ti mẹ́fà nù, ẹni tó bá sì ti gbé kúlà abẹ́rẹ́ lórí ọ̀kadà gba ọ̀nà oko, tó ń ṣọ́ yìnyín kó má yọ́ tán, kó má sì dì jù, mọ ohun tí abẹ́rẹ́ mẹ́fà jẹ́. Nọ́ọ̀sì yẹn kò ṣe ibi. Ètò tó mú kí èèyàn mẹ́rin ti ọ̀nà jíjìn wá lọ́jọ́ tí kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé wọn ò pé ni ká tún ṣe.

Ó ṣeé ṣe kí ọ̀dọ́ kan ka èyí kó ní kí la wá ń pariwo fún, ṣebí ìwé lásán ni àwọn òyìnbó ń béèrè. Ọmọ mi, o kò rí 1987. Mo rí i. Nọ́ọ̀sì ọ̀dọ́ ni mí nígbà náà, Ọ̀ṣun ṣì wà lára ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ibà pọ́njú sì wọ ìlú, ó ń gbé èèyàn lọ. Wọ́n á ní orí ń fọ́ àwọn, ẹ̀yìn ń ro àwọn. Ara á rọ̀ wọ́n díẹ̀ lọ́jọ́ kẹrin, àwọn ará ilé á ti máa dúpẹ́. Lẹ́yìn náà ni ojú á pọ́n bí epo, ni èébì dúdú á bẹ̀rẹ̀. Kò sí oògùn tó ń pa kòkòrò rẹ̀ nígbà náà, kò tíì sí títí dòní. Omi la fi ń ró wọn, àdúrà la fi ń gbé wọn. Abẹ́rẹ́ tó yẹ kí wọ́n ti gbà ṣáájú nìkan ló lè gbà wọ́n.

Ẹ̀fọn tó ń gbé e kiri, ọ̀sán ló ń jẹ èèyàn. Àwọ̀n tí a ń ta sórí ibùsùn lálẹ́ kò dí i lọ́wọ́. Inú ìkòkò omi, táyà àgbàdànù àti agolo tó gbomi òjò lẹ́yìnkùlé ló ń yé sí. Ní oṣù kẹsàn-án 2017, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí a ti rò pé ó ti lọ, ara ọmọdébìnrin ọlọ́dún 7 kan ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn ní Kwara ni àyẹ̀wò ti tún fi í hàn. Ọ̀dọ̀ tiwa nìyẹn, àárín àwọn tó ń sọ èdè tí mo fi ń kọ lẹ́tà yìí. Nítorí náà, orílẹ̀-èdè tó bá ń béèrè káàdì lọ́wọ́ wa kò parọ́ mọ́ wa. Ẹ̀fọn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn, àrùn náà ni wọn kò fẹ́ ká gbé dé.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé abẹ́rẹ́ yìí kì í ṣe àlejò lọ́dọ̀ wa. Ní 1927, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Asibi dùbúlẹ̀ àìsàn ní Gold Coast, Gánà òde òní. Àwọn dókítà tó ń ṣe ìwádìí ibà pọ́njú, tí ibùdó wọn wà ní Yábàá ní Èkó, gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n fi sí ara ọ̀bọ kan. Ọ̀bọ náà kú, Asibi yè. Bí wọ́n ṣe rí kòkòrò tó ń fà á mú nìyẹn. Adrian Stokes, ọ̀kan nínú àwọn dókítà náà, kó àrùn yìí lẹ́nu iṣẹ́, ó sì kú ní Èkó lọ́dún yẹn kan náà. Max Theiler, ọmọ tí wọ́n bí sí Pretoria, ló wá bá kòkòrò tó ti ara Asibi wá yìí ṣe iṣẹ́ ọdún púpọ̀ ní New York títí agbára ìpani rẹ̀ fi rọ̀, tó fi di àjẹsára tí wọ́n ń pè ní 17D. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1951. Òun náà ni gbogbo ayé ṣì ń gbà lónìí. Yábàá yìí kan náà ni Nàìjíríà ti ń ṣe abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú fúnra rẹ̀, títí iṣẹ́ fi dúró níbẹ̀ ní 1991. Ẹ̀jẹ̀ ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló bí abẹ́rẹ́ tí ọmọ Òkè-Ògùn ń rìnrìnàjò ẹ̀ẹ̀mẹrin kó tó rí gbà. Mo máa ń ronú lé èyí lórí, ọkàn mi kì í sì í balẹ̀ tí mo bá ti rò ó.

Ẹ rántí oṣù kẹta 2012. South Africa dá ọmọ Nàìjíríà 125 padà láti Johannesburg, wọ́n ní yẹ́lò káàdì wọn kò ṣeé gbà gbọ́. Ìjọba wa bínú, àwa náà dá àwọn ará ibẹ̀ padà, wọ́n sì wá tọrọ àforíjì. Inú wa dùn pé wọ́n bẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n èmi tí mo mọ bí wọ́n ṣe ń rí káàdì rà kò lè yọ̀ tọkàntọkàn. Mo mọ̀ pé bí wọ́n ṣe lè dá ẹni tó gba abẹ́rẹ́ lóòótọ́ padà pọ̀ mọ́ ẹni tí kò gbà á, àwọn tó ń ta káàdì ló fà á. Ayédèrú ẹnìkan máa ń sọ òótọ́ ẹlòmíràn di irọ́. Láti 2019 ni ìjọba àpapọ̀ ti gbé káàdì tuntun jáde, èyí tí wọ́n lè fi ẹ̀rọ yẹ̀ wò, mo sì gbóríyìn fún wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ń sọ bóyá orúkọ wà nínú ìwé ni. Kò lè mọ̀ bóyá abẹ́rẹ́ wọ apá.

Àwọn tó ń ta káàdì kì í sì í béèrè ohun tí nọ́ọ̀sì ń béèrè. Èyí gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Kòkòrò ààyè tí a ti sọ di aláìlágbára ló wà nínú abẹ́rẹ́ yìí, kì í ṣe gbogbo ara ló lè gbà á. Inú ẹyin adìẹ ni wọ́n ti ń tọ́ ọ dàgbà, nítorí náà ẹni tí ẹyin ń bá jà burúkú gbọ́dọ̀ sọ. Aláboyún gbọ́dọ̀ sọ. Ẹni tí agbára ìjà ara rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ nítorí HIV tàbí ìtọ́jú jẹjẹrẹ gbọ́dọ̀ sọ. Ìyá àgbà tó ti lé ní ọdún 60, tí kò gbà á rí, tó fẹ́ lọ bá ọmọ rẹ̀ gbé ọmọ tuntun, kí dókítà kọ́kọ́ bá a jókòó, kí wọ́n jọ wò ó bóyá ó tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò bá lè gbà á, ìwé dókítà wà fún un lábẹ́ òfin àgbáyé tí yóò mú dání, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orílẹ̀-èdè tó ń lọ ló máa pinnu bóyá yóò gbà á. Mélòó nínú àwọn ìyá wa ló mọ̀ pé irú ìwé bẹ́ẹ̀ wà? Káàdì ni wọ́n ń lọ rà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ìyálọ́jà wa tó ń ná ọjà Kútọnu, Lómè àti Accra. Gánà ń béèrè káàdì lọ́wọ́ gbogbo àlejò tó bá ti lé ní oṣù 9. Mo mọ àwọn obìnrin tó jẹ́ pé gbogbo ìgbà tí wọ́n bá kọjá ní ẹnubodè kan tí n kò ní dárúkọ ni wọ́n ń fi owó sínú pásípọ́ọ̀tù dípò káàdì, láti bí ọdún mẹ́wàá. Ẹni tó ní káàdì tòótọ́ pàápàá, wọ́n á ní ó ti pé ọdún mẹ́wàá, ó ti kú. Irọ́ ni. Láti ọjọ́ 11 oṣù keje 2016 ni òfin àgbáyé ti yí padà: abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo, káàdì náà di ti títí ayé, ti àtijọ́ àti ti tuntun. Ẹ bá wa lẹ èyí mọ́ ara ògiri gbogbo ilé ìwòsàn yín, ní Yorùbá, kí lẹ́tà rẹ̀ tóbi.

Ọmọ mi obìnrin ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tó ń bọ̀ wá kí wa ní Kérésìmesì, ilé oògùn kan ní àdúgbò rẹ̀ ló ti gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú. Ó fi fóònù gba àyè sílẹ̀, ó wọlé, apòògùn bi í ní gbogbo ìbéèrè tí mo kà sókè yìí, ó gún un, ó kọ káàdì, ó tẹ̀ ẹ́ lóǹtẹ̀. Owó ara rẹ̀ ló fi san án, kò ṣe ọ̀fẹ́. Kì í ṣe gbogbo ilé oògùn ló lè ṣe é níbẹ̀ o: àwọn tó gba ẹ̀kọ́ rẹ̀ tí wọ́n sì forúkọ sílẹ̀ nìkan ni, wọ́n sì ń ṣọ́ wọn. Britain tí kò ní ibà pọ́njú rárá gbé abẹ́rẹ́ rẹ̀ dé ẹ̀yìnkùlé àwọn èèyàn rẹ̀. Àwa tí à ń bá a gbé ń wá a lọ sí ọ̀nà jíjìn.

Ká má sì sọ pé kò ṣeé ṣe nílẹ̀ wa. Bí àsìkò Hájì bá ti dé, ẹ̀yin náà lẹ ń gbé abẹ́rẹ́ lọ bá àwọn arìnrìnàjò sí Mẹ́kà kí wọ́n tó gbéra. Saudi Arabia ní kí wọ́n ti gba ti àrùn yírùnyírùn ní ó kéré tán ọjọ́ 10 kí wọ́n tó dé, wọ́n sì ń gbà á, wọ́n ń gba ti ibà pọ́njú pẹ̀lú. Àwọn nọ́ọ̀sì yín ló ń gún wọn. Ohun tí ẹ ń ṣe fún alálàájì lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ni mo ń tọrọ fún akẹ́kọ̀ọ́, oníṣòwò àti aláìsàn tó ń lọ gba ìtọ́jú lókè òkun, jálẹ̀ ọdún.

Mo mọ̀ pé ọwọ́ ìjọba àpapọ̀ ni àṣẹ òǹtẹ̀ wà, lọ́dọ̀ àwọn Port Health, òṣìṣẹ́ ìlera tó ń ṣọ́ ẹnubodè àti pápákọ̀ òfurufú, ẹ kò sì lè gbé e kalẹ̀ fúnra yín. Ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn Jẹ́nẹ́rà jẹ́ tiyín. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ jẹ́ tiyín, fíríìjì náà sì jẹ́ tiyín. Ẹ mú Jẹ́nẹ́rà méjì ní ẹkùn sẹ́nétọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ tọ ìjọba àpapọ̀ lọ, ẹ ní kí wọ́n kọ́ nọ́ọ̀sì méjì méjì níbẹ̀, kí wọ́n sì máa rán òṣìṣẹ́ wọn pẹ̀lú òǹtẹ̀ wá lọ́jọ́ kan pàtó lọ́sẹ̀. Kí wọ́n máa gba orúkọ sílẹ̀ lórí fóònù, kí ẹni tó ń ti abúlé bọ̀ mọ̀ kó tó gbéra pé ìgò máa ṣí.

Èyí tó kù yìí ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé yẹ̀ wò dáadáa, nítorí ẹnu iṣẹ́ ni mo ti rí i. Ẹ jẹ́ kí ọjọ́ arìnrìnàjò bọ́ sí ọjọ́ kan náà tí àwọn ìyá ń gbé ọmọ olóṣù 9 wá. Bí arìnrìnàjò bá jẹ́ mẹ́rin, àwọn ọmọ ọwọ́ mẹ́fà á lo ìyókù ìgò. Kò sí ohun tó máa ṣòfò, kò sí ẹni tí wọ́n máa ní kó lọ padà wá. Ṣùgbọ́n kí owó tí arìnrìnàjò san máa ra òmíràn padà sínú fíríìjì, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́tọ̀, kí a má bàa jí abẹ́rẹ́ ọmọdé fún àgbàlagbà. Bí mo bá gbọ́ pé ìyá kan gbé ọmọ wá, tí wọ́n ní abẹ́rẹ́ ti tán nítorí ẹni tó ń lọ sí Dubai, èmi ni n ó kọ́kọ́ kọ lẹ́tà míì láti ní kí ẹ dá ètò náà dúró.

Iná ńkọ́? Mo ti rí fíríìjì oníòòrùn tó ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìsí NEPA. Láàárín 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n ooru Celsius ni abẹ́rẹ́ náà gbọ́dọ̀ wà. Ẹni tó ń ṣọ́ fíríìjì náà, kí ẹ san owó oṣù rẹ̀ lásìkò.

Ọmọ àbúrò mi ti wà ní Íńdíà báyìí. Wọ́n wo káàdì rẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú, wọ́n dá a padà fún un, ó kọjá. Ó ní òun fẹ́ fi ọwọ́ kan apá òun níbi tí wọ́n gún.

Ọmọbìnrin kan wà ní agboolé wa tó máa lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ní Gánà ní oṣù kìíní. Ó ti wá bi mí pé níbo ni òun á ti gba abẹ́rẹ́. N kò tíì dá a lóhùn. Ìlú ńlá tí ọmọ àbúrò mi lọ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin náà ni mo mọ̀, mo sì mọ ẹni tó ń dúró lẹ́nu géètì níbẹ̀. Bí ẹ bá yan Jẹ́nẹ́rà ìlú wa, tí ẹ dá ọjọ́, mo ṣì lè gún abẹ́rẹ́, ọwọ́ mi kò gbọ̀n. N ó wá láago mẹ́jọ àárọ̀ láìgba kọ́bọ̀, n ó sì mú ọmọbìnrin náà dání.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Nọ́ọ̀sì afẹ̀yìntì kan láti Òkè-Ògùn